Bí a ṣe ń gbin ata láti inú hóró, tí kò sì ní kú nígbà òtútù

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀gbìn. Mo ń gbin atarodo àti tàtàṣé ní agbègbè tí yìnyín máa ń bo ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan, nítorí náà inú ilé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ wọn. Hóró tàtàṣé ti hù, ṣùgbọ́n ti atarodo ṣì wà nínú ilẹ̀ láìsí àmì kankan, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n dà á nù ni tàbí kí n dúró. Àwọn tó hù náà ń ga, ọrùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń tẹ̀ sí ojú fèrèsé, ìdí díẹ̀ nínú wọn sì ti rà títí wọ́n fi ṣubú lulẹ̀. Ìbéèrè mi kejì ni pé mo gbọ́ pé ata kì í ṣe ọ̀gbìn ọdún kan péré, pé igi kan náà lè la ìgbà òtútù já kí ó sì tún so ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni kí n ṣe fún un ní àwọn oṣù tí oòrùn kì í ràn tó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi dáadáa, nítorí ó wù mí gidigidi kí wọ́n yè.

Ìdáhùn kìíní

Ẹ má tíì da hóró atarodo yẹn nù. Ẹ̀yà tí atarodo wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Capsicum chinense, sábà máa ń pẹ́ kí ó tó hù ju tàtàṣé lọ. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pàápàá bí ilẹ̀ tí ẹ gbìn ín sí bá tutù. Ooru ni hóró ata ń wá ní àkókò yìí, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀. Ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ wà láàárín 25°C sí 30°C ló dára jù fún un, bí ooru náà bá sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 15°C, ó lè má hù rárá. Ẹ rántí pé ooru inú yàrá yàtọ̀ sí ooru inú ilẹ̀ ọ̀gbìn, nítorí omi tó ń gbẹ lójú ilẹ̀ a máa mú un tutù, ojú fèrèsé náà a sì máa tutù ju àárín ilé lọ ní òru. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbin ata fi ń tẹ́ ẹní oníná sábẹ́ àwo ọ̀gbìn wọn.

Gbàrà tí ewé méjì àkọ́kọ́ bá ti yọ, ọ̀rọ̀ yí padà, ìmọ́lẹ̀ ló kàn. Ọ̀gbìn tó wà níbi tó móoru tí ìmọ́lẹ̀ kò tó yóò máa na ọrùn wá a kiri ni, ohun tí ẹ sì ń rí nìyẹn. Ẹ gbé wọn kúrò lórí ẹní oníná, ẹ fi wọ́n síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 18°C sí 21°C, kí ẹ sì tan iná LED sókè orí wọn fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́. Ní ti ìdí tó rà, àwọn olú tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n ń gbé inú ilẹ̀ tó rin jù, ló fà á. Kò sí àtúnṣe fún èyí tó ti ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ lè gba àwọn tó kù là: ẹ ká ohun tí ẹ fi bò wọ́n kúrò, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn, kí ẹ sì máa bu omi sínú àwo tó wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn tí ojú ilẹ̀ bá ti gbẹ.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ohun tí ẹ gbọ́ nípa ọdún púpọ̀. Ní àwọn ibi olóoru ní Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà tí ata ti ṣẹ̀ wá, níbi tí omi kì í ti í dì, igi rẹ̀ máa ń pẹ́ láyé. Òtútù ló sọ ọ́ di ọ̀gbìn ọdún kan ní ibòmíràn. Àǹfààní ibẹ̀ pọ̀, nítorí igi tó bá la òtútù já ti ní gbòǹgbò àti ìtì tó nípọn, ó sì máa ń tètè so ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ.

Ẹ má dúró de yìnyín. Bí òru bá ti ń tutù tó 10°C sí 12°C, ẹ gbé e wọlé, nítorí òru kan ṣoṣo tí omi bá dì ti tó láti pa á. Èyí tí ara rẹ̀ le jù lọ ni kí ẹ yàn; igi tó ń ṣàìsàn kò tó ohun à ń gbé wọlé. Ẹ ká gbogbo èso rẹ̀, ẹ rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ títí yóò fi ku ìtì àti ìpìlẹ̀ ẹ̀ka díẹ̀, ní gíga sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ẹ sì rí i pé ojú ibi tí ẹ̀ka tuntun ti lè yọ ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbọn ilẹ̀ àtijọ́ dànù, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan gbòǹgbò rẹ̀, nítorí inú ilẹ̀ yẹn ni ẹyin kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí, kí ẹ tó gbìn ín sínú ilẹ̀ tuntun nínú ìkòkò tí kò tóbi.

Yàrá tí ooru rẹ̀ wà láàárín 10°C sí 15°C, tí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ń wọ̀, ni kí ó ti sinmi. Omi ló sì ń pa igi ata jù lọ ní àkókò yìí, ju òtútù fúnra rẹ̀ lọ. Igi tí kò ní ewé kì í mu omi púpọ̀, gbòǹgbò tó bá sì jókòó sínú omi tútù yóò jẹrà. Ẹ fi ìka kan inú ilẹ̀ náà, kí ẹ má sì bu omi sí i àfi bí ó bá gbẹ wọnú. Nígbà yẹn pàápàá, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ẹ má fún un ní ajílẹ̀ kankan títí tí yóò fi tún máa rúwé.

Ìdáhùn kẹta

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn pátápátá, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo igi ata ló gbọ́dọ̀ sinmi. Atarodo kò fẹ́ràn òtútù tó àwọn ẹ̀yà mìíràn, mo sì gbà pé ó sàn kí ooru rẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju 15°C lọ. Bí ó bá jẹ́ yàrá tó móoru tó 20°C ni ẹ ní, igi yóò máa dàgbà níbẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí iná tó pọ̀ tó bí ti àwọn ọmọ ọ̀gbìn yẹn. Èyí tó burú jù ni kí yàrá móoru kí ó sì ṣókùnkùn, nítorí igi yóò máa ná agbára tí kò rí rọ́pò.

Ẹ tún máa yẹ abẹ́ ewé wò lóòrèkóòrè. Inú ilé kò sí àwọn kòkòrò tó máa ń jẹ àwọn tí ń fa omi ara ewé mu, nítorí náà wọ́n a máa pọ̀ sí i kíákíá, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ẹ̀rọ amúlégbóná ń mú wá sì bá àwọn tó ń ta okùn wẹ́wẹ́ bí ti aláǹtakùn lára mu gan-an. Omi tí a pò mọ́ ọṣẹ díẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí a bá fi fọ́n abẹ́ ewé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, nítorí kì í pa ẹyin wọn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ kú àlàyé. Mo ní yàrá kan tó wà ní nǹkan bí 13°C, tàtàṣé yóò lọ síbẹ̀, atarodo yóò sì wà lábẹ́ iná. Bí gbogbo ewé bá wọ̀ tán, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé igi náà kò tíì kú?

Ìdáhùn kejì

Ẹ fi èékánná ha èèpo rẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀ tí ó sì ní àwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Bí ó bá gbẹ tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tó tutù. Àfi bí ó bá gbẹ dé ìdí ni kí ẹ tó pa á tì. Nígbà tó bá ku nǹkan bí oṣù kan kí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ gbé e síbi tó móoru tó sì mọ́lẹ̀, ẹ fi omi kún omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ajílẹ̀ bí ewé bá ti yọ. Àti igi yìí àti àwọn ọmọ ọ̀gbìn yẹn, ẹ má gbé wọn sínú oòrùn gangan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ibòji, wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, kí ẹ sì máa fi kún un fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá, torí ewé tó dàgbà nínú ilé máa ń jó.