Bisikíìtì kọ́, amí kọ́: orúkọ wo ló yẹ kúkì orí ayélujára?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀nà méjì ni a pín sí lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ cookie (kúkì), ọ̀rọ̀ kékeré tí ojú òpó ń kọ pa mọ́ sínú ẹ̀rọ wa kó lè dá wa mọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká pe cookie ní bisikíìtì, torí ohun tí orúkọ náà ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tó sọ ọ́ nìyẹn. Àbúrò wa kan fèsì pé ìpanu kì í ṣọ́ni kiri, ó ní amí ni ká pè é. Mi ò lè fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì.

Lou Montulli tó dá nǹkan yìí sílẹ̀ kò ro ti ìpanu rárá. Ọdún 1994 ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣàwákiri (browser, ètò tí a fi ń ṣí ojú òpó). Wàhálà tó wà nílẹ̀ ni pé ojú òpó kì í rántí ẹnikẹ́ni: bí o bá ṣí ojú ewé kan, tí o tún ṣí òmíràn, àlejò tuntun pátápátá ni o jẹ́ lójú rẹ̀. Báwo ni èèyàn ṣe máa kó ọjà sínú apẹ̀rẹ̀ nílé ìtajà orí ayélujára, nígbà tí ọlọ́jà kò lè mọ̀ pé ẹni tó mú bàtà lẹ́ẹ̀kan ló ń mú fìlà báyìí? Montulli ní kí ojú òpó kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan pa mọ́ sínú aṣàwákiri àlejò, kí aṣàwákiri sì máa gbé e wá ní gbogbo ìgbà tó bá ń padà bọ̀. Inú ẹnà àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ló ti mú orúkọ tó fún un. "Magic cookie" ni wọ́n ń pe ẹrù kékeré tí ètò kan ń fi rán ètò mìíràn, tí ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá wá túmọ̀ rẹ̀ sí bisikíìtì, ẹnà àwọn ẹlòmíràn la túmọ̀, a ò túmọ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Tí mo bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, káàdì ọsibítù ni mo máa ń lò. Káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ kò sọ àìsàn rẹ, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Fáìlì gan-an wà lọ́dọ̀ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kúkì rí: nọ́ńbà gbọọrọ kan tí kò ní ìtumọ̀ lójú rẹ, àmọ́ tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fa fáìlì rẹ yọ. Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé káàdì wà lọ́wọ́ rẹ, o sì lè gbàgbé ẹ̀ sílé. Kúkì ń bá ọ lọ láìjẹ́ pé o mọ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá àrokò. Ẹni tó di owó ẹyọ mẹ́fà, tó fi rán ọmọdé sí olólùfẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló ń fà sí onítọ̀hún. Ọmọ tó gbé e lọ lè má mọ̀ ju pé owó ẹyọ ni òun mú dání. Aṣàwákiri wa ni ọmọ tí wọ́n ń rán yìí. Ẹ lè sọ pé ẹnì kan ló ń di àrokò, ẹlòmíràn ló ń tú u, bẹ́ẹ̀ ojú òpó tó kọ kúkì ló tún ń kà á. Òótọ́ ni. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé ẹni tí kò lè kà á lọ́wọ́. Ẹ tún lè sọ pé bí a ò bá fàmì sí i, àrokò àti àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ á di ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká fàmì sí i nígbà náà.

Ní ti amí, ohun tó ń bí àbúrò wa nínú yé mi, ó sì ń bí èmi náà. Ṣùgbọ́n kúkì tó jẹ́ kí báńkì mọ̀ pé ìwọ lo wọlé ní ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn kì í ṣe amí. Tí a bá sọ gbogbo wọn ní amí, orúkọ wo la máa fún èyí tó ń ṣamí lóòótọ́? Ẹ wò ó: o ṣí ìwé ìròyìn kan, ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìròyìn náà wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn, ilé iṣẹ́ yẹn sì fi kúkì tirẹ̀ sínú aṣàwákiri rẹ. O kúrò níbẹ̀, o yà síbi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Òun náà ló ń polówó níbẹ̀. O dé ibi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́, ó ti wà níbẹ̀ dè ọ́. O ò bá a sọ̀rọ̀ rí, ó sì mọ ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí o yà. Mo dábàá àrokò onílé fún ti ojú òpó tí o dìídì lọ, àrokò àjèjì fún ti ẹni tí kì í ṣe òun lo bá wá. Ti àjèjì ni Safari, aṣàwákiri ilé iṣẹ́ Apple, dínà mọ́ pátápátá ní 2020. Ọdún yẹn náà ni Google kéde pé Chrome, aṣàwákiri tirẹ̀, á pa á tì láàárín ọdún méjì. Wọ́n ń sún un síwájú títí, nígbà tó di 2024 wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ta ló fẹ́ ròyìn èyí ní Yorùbá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?

Èyí tó ká mi lára jù ni ti bọ́tìnnì tí ojú òpó fi ń béèrè bóyá a fara mọ́ kúkì. "Gba gbogbo kúkì" ni ìtumọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. Mo kà á bẹ́ẹ̀ sétí ìyá mi lórí fóònù wọn, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ fún wa ní nǹkan ni?" Wọn ò jẹ̀bi. Gbà tí a fi ń gba ẹ̀bùn náà la fi ń gbà fún èèyàn, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ á wá rò pé òun ló ń gba nǹkan. Ní October 2019, ilé ẹjọ́ gíga Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ nínú ẹjọ́ Planet49 tó wá láti Jámánì pé àpótí tí wọ́n ti bá èèyàn fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní January 2022, àjọ CNIL, tó ń dáàbò bo dátà aráàlú ní ilẹ̀ Faransé, kéde owó ìtanràn mílíọ̀nù 150 yúrò fún Google, mílíọ̀nù 60 fún Facebook, torí pé wọ́n jẹ́ kí kíkọ̀ nira ju gbígbà lọ. Òfin dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, náà mẹ́nu ba ìyọ̀ǹda. "Mo yọ̀ǹda" àti "N kò yọ̀ǹda" ni kí bọ́tìnnì máa sọ.

Ìtẹ̀ka tí ẹnì kan nínú wa fi túmọ̀ fingerprinting, ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi ń dá èèyàn mọ̀ lórí ayélujára, ńkọ́? Níbẹ̀, wọn kì í fi ohunkóhun sínú aṣàwákiri. Wọ́n ń wo bí ojú fóònù rẹ ṣe fẹ̀ tó, irú lẹ́tà tó wà nínú rẹ̀, aago ìlú tó ń lò, wọ́n á fi ìyẹn dá ọ mọ̀. Ní 2010, àjọ Electronic Frontier Foundation, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára, yẹ aṣàwákiri tó lé ní 470,000 wò, 83.6% nínú wọn ni kò ní ẹlẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó tẹ̀ka ti fọwọ́ sí i. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ń tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀, a ń tẹ̀ka dìbò. A ò lè fi orúkọ ìfọwọ́sí pe ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ẹni. Ìfìrísídánimọ̀ ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ó gùn, àmọ́ kò parọ́.

Ti àwòrán tí kò ju ẹyọ àmì tíntìntín kan (pixel) lọ, tí wọ́n ń fi sínú ímeèlì kí wọ́n lè mọ̀ pé o ti ṣí i, mi ò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ǹjẹ́ àwọn ọdẹ lọ́dọ̀ yín ní orúkọ fún ewé tàbí okùn téèyàn lè fi sójú ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ẹran ti kọjá?