Àdápítọ̀ BNC sí SMA wo ló dáa?

Ọmọ Ìtòkò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Rédíò ni mo ń tún ṣe l'Ábẹ́òkúta. Mo fẹ́ so wáyà BNC (ẹnu tí wọ́n ń tì wọlé, tí wọ́n á sì yí díẹ̀ kó lè há) mọ́ ẹnu SMA (ẹnu kékeré tí wọ́n ń yí bíi nọ́ọ̀tì) ara spectrum analyzer mi, ẹ̀rọ tó ń fi agbára ìgbì rédíò hàn ní fíríkúẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan. Oríṣiríṣi àdápítọ̀ ló wà ní Pánṣẹ́kẹ́. Kí ni kí n máa wò?

Bàbá Sódà: Pín àárín ni kó o kọ́kọ́ wò: kó dúró ṣánṣán, kó jẹ́ oní-góòlù. Tó bá ń mì, dá a padà fún wọn. Ohm 50 ni kó o béèrè, ìyẹn ìwọ̀n impedance ẹ̀. 75 wà fún tẹlifíṣọ̀n. BNC ò sì ju fíríkúẹ́ńsì bíi 4 GHz lọ, má jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó lè gbé 18 GHz kí wọ́n fi gba owó ẹ.

Ìyá Wáyà: Ẹ ṣọ́ra fún RP-SMA ti Wi-Fi o! Ó jọ SMA, àmọ́ ihò ló wà níbi tó yẹ kí pín wà. Tẹ́ ẹ bá ń so àdápítọ̀ náà mọ́ ẹnu SMA, nọ́ọ̀tì nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí, ẹ má yí ara àdápítọ̀.

Ọmọ Ìtòkò: Ẹ ṣé, mà. Ó di ọ̀la.