Kí ni pílásímà ń bá iná ṣe gan-an? Èsì lórí "ìjóná alátìlẹ́yìn"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo yín láti Òṣogbo.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tó dé rèé. Àbúrò wa kan ń túmọ̀ àpilẹ̀kọ nípa ẹ́ńjìnnì bàálù àti tọ́báìnì tó ń lo gáàsì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí láti pèsè iná mọ̀nàmọ́ná. Ó bèèrè orúkọ tí a ó pe ọgbọ́n kan tí àwọn onímọ̀ ń dá, tí òyìnbó ń pè ní "plasma-assisted combustion": wọ́n á fi iná mọ̀nàmọ́ná sọ afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì di pílásímà, kí epo lè tètè gbiná, kí iná náà má sì tètè kú. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlobùú dáhùn, wọ́n ní "ìjóná alátìlẹ́yìn ẹ̀jẹ̀-iná". Ẹlòmíràn ní "ìjóná afimọ̀nàmọ́náṣe". Ẹnìkẹta ní ká kúkú pe pílásímà ní "ọmọ iná", ṣebí ọmọ iná là ń rán síná. Ẹni tó dábàá "iná Ṣàngó" ń ṣẹ̀fẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú Ọ̀ṣun ni mò ń gbé, mi ò ní dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Gbogbo wa la kọjú ìjà sí pílásímà. Lójú tèmi, òun kọ́ ló le níbẹ̀. "Ìjóná" àti "alátìlẹ́yìn", tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ọ̀rọ̀, ni wọ́n ń ṣì wá lọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká yára sọ ti pílásímà ká lè kúrò níbẹ̀. Gáàsì tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù (èérún tíntìntín tó ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná) ti já kúrò lára àwọn àtọ́ọ̀mù rẹ̀ (ẹyọ èérún tó para pọ̀ di ohun gbogbo), débi pé iná mọ̀nàmọ́ná lè gba inú rẹ̀ kọjá, ni pílásímà. Irving Langmuir ará Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1928. Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tí a mọ bí ẹní mọ amọ̀ ló ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn oníṣègùn náà ń lò ó fún omi inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n wa ti rí "ẹ̀jẹ̀-iná". Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n, ẹni tí kò gbọ́ èdè òyìnbó tó bá ka ẹ̀jẹ̀-iná, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa wá kiri. Orúkọ náà kò ṣàlàyé ohun kan fún àwọn tó yá wa gan-an. Wọ́n kàn ń pè é títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu ni. A gba gáàsì wọlé, kò jà wá. Ẹ jẹ́ ká gba pílásímà.

"Ọmọ iná" dùn létí, àmọ́ iná kọ́ ló bí i. Iná mọ̀nàmọ́ná ló bí i, ó sì ti wọlé jókòó kí iná tó dé. Ti mọ̀nàmọ́ná ló dùn mí jù, nítorí mọ̀nàmọ́ná tó ń kọ lójú ọ̀run, pílásímà gan-an ni. Ká ní a kò tíì fi fún ẹnikẹ́ni ni, òun là bá lò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣáájú wa ti fi dá iná ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná mọ̀, kò sì ṣeé gbà padà mọ́. Tí ẹ bá kọ "ìjóná afimọ̀nàmọ́náṣe" sínú ìwé ìròyìn lónìí, òǹkàwé á ti máa bèèrè ṣọ́ọ̀bù tó jó àti iye ẹrù tó bá a lọ.

Mo lọ bi jórinjórin kan nítòsí Old Garage ohun tó ń pe ìmọ́lẹ̀ tó wà láàárín ọ̀pá rẹ̀ àti irin tó ń jó. Pílásímà ni ìmọ́lẹ̀ yẹn, ó gbóná ju 5,000 °C lọ. Ó ní iná ni. Mo ní iná wo? Ó ti gíláàsì dúdú rẹ̀ sókè orí, ó fi ọ̀pá kan irin, ó gbé e sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bá yọ. Ó ní, "Tí mo bá gbé e jìnnà báyìí, iná á já." Ó gbé e jìnnà, ó já lóòótọ́. Kò sọ pé iná kú, kò sọ pé iná lọ. Já ló sọ, bí okùn ṣe ń já. Ẹni tí kò kàwé nípa pílásímà rárá ti mọ̀ pé ohun tó so ibì kan pọ̀ mọ́ ibòmíràn ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi "iná já" sí àkọsílẹ̀ wa, a máa nílò rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó wá kan "ìjóná". Tí wọ́n bá ní ìrẹsì jóná, ẹ mọ̀ pé ẹbí máa sùn lébi. Ilé jóná, ọjà jóná, kọ́ìlì fáànù jóná: kò sí ọ̀kan tó dáa níbẹ̀. "Jó" nìkan kò rí bẹ́ẹ̀. Sítóòfù ń jó, fìtílà ń jó, iná ń jó geere. Ohun tó ń jó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tó ti jóná, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbé ìwé tí a kọ "ìjóná nínú ẹ́ńjìnnì bàálù" sí lára lọ fún mẹkáníìkì, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé kò sẹ́ni tó kú. Ẹ̀gbọ́n Ìlobùú lè sọ pé epo ló ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ló sì rí, nítorí epo yẹn kì í padà. Ṣùgbọ́n iná ni ẹlẹ́rọ ń ṣọ́, kì í ṣe epo. Nítorí náà, "iná jíjó" ni mo fara mọ́.

"Alátìlẹ́yìn" ló burú jù. Ẹni tó bá tì ọ́ lẹ́yìn, ìwọ lo wà níwájú, o ti ń lọ kó tó wá tì ọ́. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, bí ìdá 78 nínú 100 ni náítírójìn, bí ìdá 21 ni ọ́síjìn. Ọ́síjìn ni epo ń wá, àmọ́ méjì méjì ni àtọ́ọ̀mù ọ́síjìn dì mọ́ra, wọn kì í sì í túra wọn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Nínú iná lásán, ooru iná fúnra rẹ̀ ló ń tú wọn. Àtọ́ọ̀mù ọ́síjìn tó bá ti já sílẹ̀ nìkan, àti ti háídírójìn, àti ọ́síjìn kan tó so mọ́ háídírójìn kan tí kò tíì di omi, gbogbo wọn ni ara ń gbóná fún. Wọ́n á lọ já epo, èyí tí wọ́n já á lọ já òmíràn. Bí iná ṣe ń ràn nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá kéré jù, kò sí ẹni tí yóò já ẹnìkan mọ́, iná kú.

Iṣẹ́ yìí ni pílásímà ń ṣe kí iná tó dé rárá. Nínú ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà ṣe é, wọ́n á rán iná mọ̀nàmọ́ná tó lè tó 10,000 fóltì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba inú afẹ́fẹ́ tó ti pò mọ́ epo. Kì í dúró. Tí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, bíi 10 nínú rẹ̀ ló máa lò kó tó pa, á tún wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àyè yẹn há débi pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló ráyè gbóná. Ooru tiwọn lè kọjá 10,000 dígírì, nígbà tí gáàsì tó yí wọn ká kò tíì gbóná dé ibi kankan. Níbi tí ti jórinjórin ti yàtọ̀ sí èyí nìyẹn: tiẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló gbóná pọ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí á kọlu náítírójìn. Náítírójìn, tí kì í sábà bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ iná, á gba agbára náà sára, á gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn á là sí méjì. Bí àtọ́ọ̀mù tó ń wá iṣẹ́ ṣe kún ilẹ̀ nìyẹn, láì jẹ́ pé iná kankan ti jó. Iwájú ni pílásímà ń lọ. Ta ló ń tì lẹ́yìn?

Àwọn ìyá wa ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Láyé tí ìṣáná wọ́n, ẹni tó fẹ́ dáná kì í bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo. Ọmọdé á mú àpáàdì, á lọ sí ilé kejì, á lọ fọnná. Ògúnná ni wọ́n á bù fún un, kì í ṣe odindi iná. Ògúnná méjì mẹ́ta lábẹ́ igi, ààrò gbiná. Àwọn àtọ́ọ̀mù tó já sílẹ̀ yẹn ni ògúnná. Pílásímà ló lọ fọn wọ́n wá fún epo.

Ohun tí mo dábàá nìyí: "fífi pílásímà fọnná". Ó ṣeé lò nínú gbólóhùn láìfi agbára mú un: wọ́n fi pílásímà fọnná fún tọ́báìnì. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é, afọnná pílásímà. Kódà òwe tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà bá a mu, pé àpáàdì ló tó ko iná lójú. Nínú irú afọnná kan, amọ̀ sísun tàbí gíláàsì tó gba ooru dáadáa ni wọ́n fi ń bo irin tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbà wọlé, kí iná náà má baà dojú kọ ibì kan ṣoṣo kó sì di ti jórinjórin mọ́ wọn lọ́wọ́. Amọ̀ sísun, ẹ̀yin ará mi! Àpáàdì ni, kí la tún ń wá?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní àwọn ọmọ tó fi gáàsì dáná dàgbà kò mọ fọnná. Kó jáde lásìkò àgbàdo. Àwọn tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì nílùú yìí, tí òjò bá pa iná ẹnìkan, ọ̀dọ̀ ẹnì kejì ló máa rán ọmọ sí, ọmọ náà á sì gbé ògúnná kọjá láàárín àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú. Àtakò tó lágbára ni pé ẹni tó ń fọnná, iná ti wà níbì kan, bẹ́ẹ̀ pílásímà kì í ṣe iná. Mo gbà. Àmọ́ ohun tó gbé wá kì í ṣe iná náà. Ògúnná ni, ìyẹn sì tó fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ ká dá tuntun fún rárá. Àbúrò wa bèèrè ohun tí a ó pe kí iná ẹ́ńjìnnì ṣàdédé pa lójú òfurufú. "Iná kú" ni. Ní 24 oṣù kẹfà 1982, bàálù Boeing 747 ti British Airways wọ inú eérú òkè ayọnáyèéfín Galunggung ní Indonéṣíà, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú. Ó ń rọra yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ kí wọ́n tó rí iná tún dá, ó sì balẹ̀ sí Jakarta. Ìdí tí títún iná dá lókè fi ṣòro gan-an ni pé ní nǹkan bíi kìlómítà 11 sókè, òtútù ibẹ̀ tó −56 °C, ìwúwo afẹ́fẹ́ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ilẹ̀. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń wá afọnná yìí. Ìdí kejì wà lórí ilẹ̀. Tí iná tọ́báìnì bá gbóná kọjá bíi 1,500 °C, náítírójìn àti ọ́síjìn á bẹ̀rẹ̀ sí í so pọ̀ di èéfín olóró gan-an. Wọ́n á wá dín epo kù kí iná lè tutù díẹ̀. Àmọ́ iná tí kò jẹun yó a máa gbọ̀n, ìgbà mìíràn á kú. Inú yàrá àyẹ̀wò ni púpọ̀ iṣẹ́ yìí ṣì wà.

Kí àbúrò wa ṣọ́ra fún "iná lọ" o. Òṣogbo níbí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mọ̀nàmọ́ná gbogbo Nàìjíríà wà, gbogbo wa la sì mọ ìyàtọ̀. Tọ́báìnì gáàsì ló ń ṣiṣẹ́ ní Ọlọ́runṣògo ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Tí iná inú rẹ̀ bá kú, iná ilé wa lè lọ. Ìkíní ti ẹlẹ́rọ ni, èkejì ti ẹni tó ní ẹja nínú fìríìjì. Kí wọ́n má pò ó pọ̀ nínú àpilẹ̀kọ náà.

Nípa àkọtọ́: mo kọ pílásímà, kì í ṣe pílásmà, kí kọ́ńsónáǹtì méjì má baà fara kan ara wọn. Tí àyè kò bá gba "fífi pílásímà fọnná" lábẹ́ àwòrán, "ìfọnná pílásímà" ṣe é. Ògúnná ló kù tí mi ò lè dá nìkan parí. Irú àwọn àtọ́ọ̀mù àti mólékù (àtọ́ọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ra) tí ara ń gbóná fún báyìí kan náà ni àwọn olóògùn ń sọ pé wọ́n ń ba sẹ́ẹ̀lì ara jẹ́. Ẹ̀yin tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn, ṣé ẹ lè gba ògúnná sínú ara èèyàn, àbí kó má kọjá inú ẹ́ńjìnnì?