Káńsù àti aládùúgbò tó ń kọ́lé láìgba àṣẹ

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní England níbí, ẹni tó ra pápá ẹ̀yìn ilé wa ti da kọnkéré sí i, ògiri rẹ̀ sì ti dé ìwọ̀n àyà, láìgba àṣẹ. Mo ti fi tó káńsù létí, síbẹ̀ iṣẹ́ ò dáwọ́ dúró. Ṣé wọn ò lágbára lórí rẹ̀ ni?

Èsì kìíní:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n lágbára. Lábẹ́ òfin ètò ìkọ́lé ọdún 1990 (Town and Country Planning Act), wọ́n lè fi ìwé pa á láṣẹ pé kí ó wó ohun tó kọ́, kí ó sì dá ilẹ̀ náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ yìí kì í múlẹ̀ kí ọjọ́ 28 tó pé, kí onílẹ̀ lè ráyè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, ìwé ìdádúró onígbà díẹ̀ wà tó lè mú kí iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀ fún ọjọ́ 56. Èyí gan-an ni kí ẹ bèèrè fún.

Èsì kejì:
Lọ́pọ̀ ìgbà, kíkọ́lé láìgba àṣẹ nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Kíkọ etí ikún sí ìwé tí káńsù fi pàṣẹ pé kí ó wó o ni ẹ̀ṣẹ̀. Onílẹ̀ sì lè tọrọ àṣẹ lẹ́yìn tó ti kọ́lé tán, ohun tó máa ń dunni púpọ̀. Ẹ máa ya fọ́tò pẹ̀lú déètì, torí ọdún 10 ni káńsù ní láti gbé ìgbésẹ̀ lórí ilé tó bá parí lẹ́yìn oṣù kẹrin ọdún 2024.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ya fọ́tò mẹ́rin láàárọ̀ yìí; màá fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà.