Ọ̀kadà tí mo gùn ní Bermuda

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ nípa ọlọ́pàá nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gbọ́ tèmi náà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ ìṣirò owó ní Bermuda, erékùṣù kan láàárín òkun Àtìláńtíìkì. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni erékùṣù yẹn ṣì wà dòní. Àwọn ará ibẹ̀ ń dìbò yan ìjọba tiwọn o, ṣùgbọ́n gómìnà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì yàn ló ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ilẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé èèyàn tó lé ní 60,000 kàn há mọ́ra wọn ni. Títí di 1946, mọ́tò ara ẹni ò gbọdọ̀ rìn níbẹ̀. Títí dòní, mọ́tò kan péré ni òfin gbà fún ilé kan, torí náà ọ̀kadà ni tolórí-tẹlẹ́mù ń gùn: alákọ̀wé tó so táì mọ́rùn, ìyá tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀.

Tèmi ò pé oṣù kan tí wọ́n fi jí i. Èmi tí mo gbé Èkó fún ọdún mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni ò yọ mí lápò rí! Mo fìbínú wọ tésàn, mo sì dá a sílẹ̀: wọ́n ti jí ọ̀kadà mi, nọ́ńbà rẹ̀ rèé, ẹ bá mi wá a. Obìnrin ọlọ́pàá tó jókòó níbẹ̀ kàn ń wò mí, kò mú bírò. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀."

Ojú tì mí, èmi ọmọ Yorùbá! Wọ́n kúkú ti sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé níbẹ̀, o ò lè bá dírẹ́bà bọ́ọ̀sì pàápàá sọ nǹkan láìkọ́kọ́ kí i. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, ló bá wá bírò. Ó ní àwọn ọmọdékùnrin ló máa ń jí i gùn, tí epo bá tán wọ́n á jù ú sígbó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án wọ́n rí i, kò ní jígí, kò ní ìjókòó.

(Ẹ má rò pé jẹ́jẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀ o. Wọ́n yìnbọn pa gómìnà wọn, Richard Sharples, lọ́dún 1973 nínú ọgbà ilé rẹ̀, tòun ti ọmọ ogun tó ń bá a ṣiṣẹ́ àti ajá rẹ̀.)

Ṣùgbọ́n olè kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, títì ni. Kìlómítà 35 ní wákàtí kan ni òfin ní kí èèyàn sá mọ, kò sì sẹ́ni tó ń tẹ̀ lé e. Ọ̀nà tóóró, kọ́nà lórí kọ́nà, ògiri òkúta funfun lọ́tùn-ún lósì. Lálẹ́ Jímọ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń ti Hamilton lọ sí Paget, táyà yọ̀, ògiri sì bó mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ìyẹ̀fun òkúta yẹn wọ inú egbò. Búrọ́ọ̀ṣì ni nọ́ọ̀sì fi fọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn, mo sì pe orúkọ gbogbo ẹbí mi tán.

Kí wọ́n tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ọlọ́pàá kan dé, ará Barbados ni. Orí ilẹ̀ tí mo wà ni mo ti sáré kí i: "Ẹ káalẹ́, sà!" Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá béèrè bí eré mi ṣe pọ̀ tó. Mo ní 35.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì síbi tí táyà mi ti fa ìlà lójú títì, ó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lọ, ó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n bọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ tún un rò."

Mo ní 55.