Iterable ni àbí Sequence? Èwo ló yẹ nínú type hint (àkọsílẹ̀ irú dátà tí fọ́ńṣàn ń gbà) yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ Python dáadáa, ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Fọ́ńṣàn kan ro àwọn nọ́ńbà pọ̀, ó sì tún padà pín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún àròpọ̀ náà. Tí mo bá kọ `list[float]`, mypy (irinṣẹ́ tó ń yẹ type hint wò) kò gba `list[int]`, torí pé fọ́ńṣàn náà lè fi 2.5 sínú rẹ̀. `Iterable[float]` (ohunkóhun tí a lè kà lọ́kọ̀ọ̀kan) gbà á, àmọ́ ó tún gba generator, ìyẹn ohun tó ń mú nọ́ńbà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a kò lè kà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Generator á ti tán lẹ́yìn ìròpọ̀, èsì á ṣófo, kò sì ní sí àṣìṣe kankan tó máa hàn. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. `Sequence[float]` (àkójọ tó ní ètò, bíi list) ò gba set, ìyẹn àkójọ tí kò ní ètò.

Ṣé kí n lo `Collection[float]` láti inú `collections.abc` (ó gba list àti set, àmọ́ kò gba generator), àbí kí n fi `Iterable` sílẹ̀, kí n sọ ọ́ di list ní ìlà àkọ́kọ́? Python 3.9 ni mò ń lò.