Orúkọ wo ló yẹ alásọyé tó ti fi ìhà rẹ̀ hàn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe àwọn tí wọ́n ń jókòó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí rédíò tàbí amóhùnmáwòrán láti yẹ ọ̀rọ̀ òṣèlú orílẹ̀-èdè wò, tí olúkúlùkù wọn sì ti jẹ́ kí aráyé mọ ìhà tí òun wà. Ẹnìkan dábàá "agbẹnusọ ẹgbẹ́", ẹlòmíràn ní "aṣègbè" ló bá wọn mu. Méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán agbẹnusọ ni ó ń jẹ́. Bí ó bá sọ òdìkejì rẹ̀, wọn yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Mark Shields àti David Brooks jọ ń sọ̀rọ̀ òṣèlú lọ́jọ́ Ẹtì lórí iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán PBS ní Amẹ́ríkà láti 2001 títí di 2020. Ìhà ẹgbẹ́ Democrat ni Shields ń gbè, Brooks sì wà ní ìhà àwọn tí kò fẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ ìlànà àtijọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ Republican, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ìhà Brooks yìí, fa Donald Trump kalẹ̀ ní 2016, Brooks bẹnu àtẹ́ lù ú gidigidi. Agbẹnusọ wo ló jẹ́ dán irú rẹ̀ wò?

Ní ti "aṣègbè", ẹ̀sùn ni. Adájọ́ ni à ń fi kàn, nítorí pé ẹni tó yẹ kó wà láàárín ló lọ fara ti apá kan. Ẹni tó ti kéde ibi tí òun dúró sí kò jẹ ẹ̀bi yẹn. Olóòtú ètò nìkan ni ọ̀rọ̀ náà lè bá wí. "Elégbè" ìbá sàn díẹ̀, àmọ́ ohun tí adárin bá dá ni elégbè ń gbè. (Àwọn alásọyé kan rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èébú nìyẹn, kì í ṣe orúkọ iṣẹ́.)

"Alásọyé agbèjà" ni èmi yóò yàn. Ẹni tó ń gbèjà kì í fi pamọ́, kò sì di dandan kí ẹnikẹ́ni rán an. A ti ní "agbẹjọ́rò" tẹ́lẹ̀, tó ń dúró fún apá kan ní gbangba láìsí ẹni tó ń fi ìyẹn bú u. A sì lè fi ohun tó ń gbèjà kún un: agbèjà ìjọba, agbèjà alátakò, agbèjà ìlànà àtijọ́. Bí ẹnìkan bá ní ọ̀rọ̀ náà mú ìjà lọ́wọ́, kí ó tan rédíò rẹ̀ kí ó gbọ́.

Ibi tó ṣòro ni "apá òsì" àti "apá ọ̀tún", tí àwọn òyìnbó fi ń pe ìhà méjèèjì nínú òṣèlú. Ìjókòó lásán ló bí wọn: ní ilẹ̀ Faransé ní 1789, àwọn aṣòfin tó fẹ́ kí agbára ọba dúró jókòó sí ọ̀tún alága, àwọn alátakò wọn sì wà lósì. Ṣùgbọ́n létí wa, ipò ni ọ̀tún àti òsì. Oyè Ọ̀tún ló ń ṣáájú oyè Òsì, olùgbọ́ yóò sì ti dájọ́ kí alásọyé tó lanu. Lẹ́nu àwọn tí ẹ̀ka-èdè wọn kò ní "ṣ", òsì àti òṣì tún di ọ̀kan náà. Nítorí náà, tí ètò bá dá lé orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, orúkọ ẹgbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kí a máa lò. Tí ó bá kan ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kí olóòtú sọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ń jà fún, nítorí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀tún níbì kan lè jẹ́ òsì níbòmíràn.